Ògiri Kúlúsúmù

Iléyá ku fẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tí Sàídì oníṣẹ́ iná yẹ yàrá tí Kúlúsúmù háyà ní Bẹẹrẹ wò. Wáyà àtijọ́ tó gba ara ògiri amọ̀ ti gbó, rọ́bà ara rẹ̀ ń bó. Sàídì ní òun máa já a. Baba onílé fárígá.

"Inú òkùnkùn lo fẹ́ ká ti ṣọdún? Tá a bá ṣe é tán, kó o wá já a."

Àgbà ló sọ̀rọ̀. Sàídì kó irinṣẹ́ rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ò lọ síbi pé ṣáájú ọdún làwọn obìnrin ń fi amọ̀ tútù rẹ́ ògiri.

Ibi tí Kúlúsúmù ti ń rẹ́ ẹ niná ti gbé e.

Nígbà tí wọ́n sin ín tán, Sàídì padà wá já wáyà. Ògiri ń dán láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi tí wáyà gbà. Àmì àtẹ́lẹwọ́ obìnrin náà wà níbẹ̀ nínú amọ̀, ó ti gbẹ.