Abẹ́rẹ́ Ọjọ́ Àkọ́kọ́

Ìdájí ni mo bí ọmọ mi nílé, ní Joga-Orílé. Agbẹ̀bí ò tíì kó ẹrù rẹ̀ tán tí mo ti ń wá ìborùn. Ìyá ọkọ mi wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú.

"Suliat, níbo lò ń lọ?"

"Ilé ìwòsàn Igbógílà, Màmá. Ọmọ yìí máa gba abẹ́rẹ́ lónìí."

"Lónìí kẹ̀? Nílé yìí, ọmọ tuntun kì í kọjá ẹnu ọ̀nà títí a ó fi sọ ọ́ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe tọ́jú Mùnírù ọkọ rẹ, kò sì kú."

Nígbà tí mo wà nínú oyún, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n ní kòkòrò hẹpatáítìsì tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ wà lára mi. Ara mi le, mi ò mọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ibi ìbí gan-an ni ọmọ ti lè kó o. Àfi kó gba abẹ́rẹ́ kí ọjọ́ kan tó pé. Mùnírù nìkan ni mo sọ fún, ó sì ti lọ ra àgbàdo ní Ìmẹ̀kọ. Bí Màmá bá gbọ́, wọ́n á máa ya ife omi mi sọ́tọ̀ ni. Mo panu mọ́, mo gbọ́mọ, mo gun ọ̀kadà. Gbogbo ìdí mi ń ta bí ata.

Nọ́ọ̀sì Adéwùnmí kí mi kú ewu, ó wá ní kí n padà wá ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ lábẹ́rẹ́.

"Ọmọ mẹ́wàá ni ìgò kan, ìyá ọmọ. A kì í ṣí i fún ẹnì kan ṣoṣo, á ṣòfò."

Inú bí mi! Mo jókòó pa sórí bẹ́ǹṣì. "Ọjọ́bọ̀ ti pẹ́ jù. Bí ẹ bá fẹ́ lọ sílé, ẹ tilẹ̀kùn mọ́ mi."

Àfi bí Màmá ṣe dé, tí gèlè rẹ̀ ti tú. "Gbé ọmọ yẹn wá! Ṣé o fẹ́ dójú tì wá ni?"

Ẹ̀rù bà mí, n kò purọ́. Mo di ọmọ mú, mo sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn. "Màmá, àrùn ẹ̀dọ̀ wà lára mi. Bí ọmọ yìí bá kó o, ó lè má lọ mọ́. Tó bá dàgbà, ikùn rẹ̀ lè wú, ẹyin ojú rẹ̀ lè pọ́n, ó sì lè pa á."

Màmá jókòó.

"Bí bàbá Mùnírù ṣe kú nìyẹn," ló wí. "Mo ní Husain àbúrò ọkọ mi ló fi oògùn pa á. Mo pè é ní apànìyàn níwájú òkú."

Nọ́ọ̀sì ní òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà nípa ẹni tí wọn ò yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ó jọ ọ́.

Màmá dìde fùú. "Ọmọ mẹ́wàá lẹ ní ẹ fẹ́? Ìyàwó Àúdù ládùúgbò wa ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Toheebat bí lánàá. Màá lọ láti ilé dé ilé, màá kó wọn jáde, kí ẹni tó bá fẹ́ bú mi bú mi. Ẹ ṣí ìgò yẹn!"

Nọ́ọ̀sì pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù. Ọ̀gá ní kó ṣí i, kó tọ́jú ìyókù sínú òtútù. Abẹ́rẹ́ wọ itan ọmọ mi, ó ké, èmi náà sunkún ayọ̀.

Màmá na apá tirẹ̀, ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ òun náà yẹ̀ wò. Ó wá ní kí n bá òun pe Husain.

Àwa ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ wa lórúkọ, ọkọ la máa ń pè wọ́n. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yẹn, Husain lásán ni Màmá ń pe ọkùnrin yìí. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi.

"Ọkọ mi, èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa fóònù. Ẹ máa bọ̀ ní Igbógílà, ẹ wá yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò."