Ọ̀rá Orí Àga Jíìpù

"Má jẹ́ kó jẹ ẹyin nínú ọkọ̀ yìí." Kazeem ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn tó fi sọ ọ́.

Suwaibat mú ẹyin sísè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bó tán dání, ó ń wo ìpàkọ́ ọkọ rẹ̀. Ó ti pé wákàtí méjì tí wọ́n ti wà lójú kan ní Màlú Road. Tírélà níwájú, tírélà lẹ́yìn, oòrùn sì ń wọlé bí àlejò tí kì í kan ilẹ̀kùn. Kazeem ti pa éèsì, ó ní epo ò gbọdọ̀ jó tán kí àwọn tó fojú kan Ìbàdàn.

"Omi ńkọ́?" ni Suwaibat bi í. "Ṣé ọmọ lè mu omi?"

"Tí kò bá ti ní dà á sílẹ̀."

"Ọmọ ọdún mẹ́rin ni, Bàbá Lùkúmọ̀n. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó da omi sílẹ̀."

Kazeem pòṣé. Suwaibat dá ẹyin padà sínú ike, Morìnsọ́lá sì bú sẹ́kún. Orí ọ̀rá ni gbogbo wọn jókòó lé, ọ̀rá fẹ́lẹ́ tí Kazeem fọwọ́ ara rẹ̀ wé mọ́ gbogbo àga nírọ̀lẹ́ àná. Bí ọmọ bá mira, ọ̀rá á dún. Òógùn ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ itan Suwaibat, Àdùfẹ́ tí kò tíì pé ọdún kan ààbọ̀ sì ń yọ̀ lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ bí ẹja.

Ká sòótọ́, Suwaibat náà ló fa jíìpù lẹ́sẹ̀. Iléyá ọdún méjì sẹ́yìn, bọ́ọ̀sì ni wọ́n wọ̀ lọ sí Ṣakí lọ́dọ̀ ìyá Kazeem. Ní Ìsẹ́yìn, Morìnsọ́lá bì sórí agbádá funfun alájì kan. Láti Ìsẹ́yìn lọ, kòtò ló ń gba ọkọ̀ lọ́wọ́ kòtò, Lùkúmọ̀n fi iwájú orí gbá irin àga, ojú ibẹ̀ wú bí àgbálùmọ̀. Ọjọ́ náà ni Suwaibat búra: òun ò tún ní kó ọmọ gba ọ̀nà yẹn láéláé, àfi nínú ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Látìgbà náà, wọn ò lọ mọ́. Àdùfẹ́ délé ayé, ìyá àgbà ò rí i. Ojú ìyá sì ń ṣú lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ránṣẹ́ pé kí wọ́n gbé ọmọ náà wá kí ojú òun tó dí pátápátá.

Ni Kazeem bá gbé jíìpù dé. Èjẹ́ǹtì ni, òun ló ń bá àwọn oníbàárà gba ọkọ̀ jáde ní wọ́ọ̀fù Àpápá, nítorí náà kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé ó ti kan òun náà. "Ọlọ́run ti ṣe é," ló wí. Gbogbo yàrá méjìlá inú ilé wọn ní Ajégúnlẹ̀ ló tú síta láàárọ̀ yìí. Ìyá onílé bu omi tútù síwájú táyà kí ọ̀nà lè tutù. Mọ́mì Ifeoma fọwọ́ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì bíi pé ó ń pa orí ọmọ tuntun, ó ní, "Tiwa náà ń bọ̀." Suwaibat ń ṣe àmín, ẹnu rẹ̀ ò padé.

Kò sí nọ́ńbà lára ọkọ̀. Ó bi Kazeem, Kazeem ní ó di ẹ̀yìn ọdún Iléyá. Wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ nǹkan gàdàgbà sójú gíláàsì iwájú. Ó bi Kazeem, Kazeem ní àmì àwọn ará wọ́ọ̀fù ni, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ̀ ọ́.

"Mọ́mì, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí," ni Morìnsọ́lá wí.

"Póò wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi níbí."

"Inú mótò yìí kọ́," ni Kazeem tún wí. "Kó mú un mọ́ra." Ó ṣílẹ̀kùn, ó bọ́ sílẹ̀, ó lọ pariwo mọ́ awakọ̀ tírélà iwájú tó ń jẹ búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà rẹ̀ bí ẹni tó wá ṣe fàájì.

Fóònù rẹ̀ tó fi sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Lùkúmọ̀n, ọmọ ọdún mẹ́fà tó jókòó síwájú, ti gbé e kí ìyá rẹ̀ tó sọ pé má gbé e. Ó tẹ ibi tí gbogbo ayé á ti máa gbọ́ ọ.

"Hẹ̀lóò, Dádì ti sọ̀ kalẹ̀."

"Ṣé ọmọ Kazeem nìyẹn? Báwo ni? Ọ̀gá Ikechukwu ni." Oníbàárà Kazeem ni, ọmọ Igbo tí wọ́n bí sí Bọ́ńdárì ní Ajégúnlẹ̀, Yorùbá rẹ̀ já gaara. "Kí ni Dádì ń ṣe?"

"Wọ́n ń bá dírẹ́bà tírélà jà. À ń lọ Ṣakí nínú jíìpù wa."

"Ẹ ti ra jíìpù. Àwọ̀ wo ni?"

"Dúdú. Wọ́n kọ I, K, E sí gíláàsì ẹ̀. Dádì ní a ò gbọdọ̀ jẹun nínú ẹ̀."

Suwaibat gbójú sókè wo ọ̀dà funfun náà. Láti inú, ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ náà kọ sí, ṣùgbọ́n ó ti kà á lójú títì láàárọ̀, níbi tó ti ń ṣe àmín.

"Mọ́mì ẹ wà níbẹ̀?" ni ọkùnrin náà bèèrè jẹ́jẹ́.

"Mò ń gbọ́ yín, ọ̀gá."

"Màdámù, ẹ̀yin kọ́ ni mo fẹ́ bá wí. Ọkọ yín sọ fún mi lánàá pé mótò mi ṣì wà nínú wọ́ọ̀fù. Kò níwèé, kò ní ìnṣọ́ránsì. Tó bá gbá èèyàn lọ́nà, kí lẹ máa sọ pé ó jẹ́? Ẹ ní kó pè mí." Ó pa fóònù.

Kazeem padà wọnú ọkọ̀.

"Ọ̀gá Ikechukwu pè," ni Suwaibat wí. "Ó ń bèèrè mótò ẹ̀."

Kazeem di sítíárì mú. "Ọjọ́ márùn-ún péré ni. Kò sí èjẹ́ǹtì tí kì í ṣe é. Màá fọ̀ ọ́, màá tú ọ̀rá, màá gbé e fún un bó ṣe wà."

"Ẹ ò wá sọ fún mi."

"Ṣé ìwọ kọ́ lo ní o ò ní kó ọmọ wọ bọ́ọ̀sì mọ́? Kí n wá ṣe báwo? Kí n jẹ́ kí ojú ìyá mi dí?"

"Ọkọ̀ tó dúró ni mo ní. Ṣé mo ní kẹ́ ẹ gbé ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni? Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣo ni. Ọmọ mẹ́ta lẹ kó síbẹ̀, ẹ fẹ́ gba ojú ọlọ́pàá kọjá láti ibí dé Ṣakí. Tí wọ́n bá dá wa dúró nínú igbó, èwo nínú wọn lẹ máa fi ṣe ìwé mótò?"

Ó ṣì ń pe ọkọ rẹ̀ ní ẹ̀yin o, ṣùgbọ́n ẹ̀gún ti wà lára ẹ̀yin náà.

"Mọ́mì," ni Morìnsọ́lá wí, ohùn rẹ̀ kéré.

Ìtọ̀ ti dà. Ó dá adágún sórí ọ̀rá, ó ń wá ibi tó máa ṣàn gbà. Kazeem fò sókè, ó ń pariwo aṣọ ìnujú, bẹ́ẹ̀ ni kò wo ojú ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Suwaibat rí ìyẹn. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó nu àga náà gbẹ. Ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni tírélà iwájú tu èéfín, ó sún. Ọ̀nà là. Gbogbo ọkọ̀ ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í fun fèrè.

"Jókòó, jókòó, ọ̀nà ti là," ni Kazeem wí.

Suwaibat ṣílẹ̀kùn, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó pọn Àdùfẹ́, ó sọ Morìnsọ́lá kalẹ̀, ó na ọwọ́ sí Lùkúmọ̀n. Wọ́n dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà kan, póò lọ́wọ́ ìyá, ike ẹyin lábẹ́ apá.

"Suwaibat, wọ́n ń fun fèrè mọ́ mi."

"Mo gbọ́ wọn."

Fóònù tún dún. Suwaibat padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó mú un lórí àga iwájú, ó nà án sí i láti ojú fèrèsé. Awakọ̀ kan lẹ́yìn bú Kazeem àti ìran rẹ̀. Fóònù dún títí ó fi fẹ́ dákẹ́, ọwọ́ Suwaibat ò sì wálẹ̀.

Kazeem gbà á. "Ọ̀gá... bẹ́ẹ̀ ni. Òun náà ni. Màlú Road." Ó nu ojú. "Rárá, mi ò lọ mọ́. Mò ń gbé e bọ̀ báyìí." Ó gbé fóònù kalẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀. "Kí ni kí n wá sọ fún ìyá mi?"

"Ẹ sọ fún wọn pé bọ́ọ̀sì àárọ̀ ọ̀la la máa wọ̀. Tí Morìnsọ́lá bá bì, màá nù ún. Ìyá á rí ọmọ."

Kazeem wa jíìpù lọ síbi tó ti máa rí àyè yí i padà. Suwaibat kọjú sí Ajégúnlẹ̀, àwọn ọmọ ń tẹ̀ lé e.

"Mọ́mì, kí la máa sọ fún Mọ́mì Ifeoma?" ni Lùkúmọ̀n bèèrè.

"Pé jíìpù ti lọ sílé ẹni tó ni ín."

Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó dúró, ó ṣí ike, ó sì mú ẹyin bíbó fún Morìnsọ́lá.

"Jẹ ẹ́," ló wí. "Tó bá wù ẹ́, jẹ́ kó já sílẹ̀."