Ọjọ́ tí Ìkúnayọ̀ Gun Ẹ̀yìn Bàbá Àgbà

Ìtìjú tó bá Ìkúnayọ̀ lọ́jọ́ náà, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fà á. Ọmọ ogún ọdún, ọmọ Okumagba Layout nígboro Wàrì, ló wá lo ọlidé lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà, Akínrẹ̀mí, apẹja Ìlàjẹ kan tí ilé rẹ̀ wà létí odò lẹ́yìn ìlú náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi jayé orí ẹ̀: ó ń tukọ̀, ó ń yọ ẹja nínú àwọ̀n, bàbá sì ń fi í yangàn fún gbogbo ará etí omi. "Ọmọ yunifásítì mi rèé o!"

Ẹnu ló kó bá a. Ó ti parọ́ fún Jádesọ́lá, ọmọbìnrin kan tó ń wù ú níléèwé, pé àwọn ní ọkọ̀ ojú omi lóríṣiríṣi, àti òṣìṣẹ́ tó ń tù wọ́n. Jádesọ́lá ní òun ń bọ̀ wá wò ó. Háà! Kàkà kí gìrìpá ọkùnrin jẹ́wọ́, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà funfun, ó ní kí bàbá tu òun lọ gbé àlejò.

Nínú ọkọ̀, ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ kí bàbá, ó wá yíjú sí Ìkúnayọ̀. "Who be dis papa?"

"Na our worker."

Ta ni kì í gbọ́ Píjìn ní Wàrì? Àjẹ̀ dúró lọ́wọ́ bàbá díẹ̀, ó tún ń tù ú lọ. Ojú ti Ìkúnayọ̀ lójú ẹsẹ̀, àmọ́ kò kó ọ̀rọ̀ ẹ̀ jẹ.

Nígbà tí wọ́n dé, omi ti fà, ẹrẹ̀ ló kù. Níbẹ̀, ẹni tó bá tu oníbàárà ló ń pọ̀n ọ́n dórí pákó èbúté, kí bàtà rẹ̀ má bàa bàjẹ́. Ará ilé a máa bọ́ bàtà tiẹ̀, a sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ la ẹrẹ̀ kọjá. Bàbá pọn Jádesọ́lá gúnlẹ̀, ó padà wá, ó bẹ̀rẹ̀ níwájú ọmọ ọmọ rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ gùn mí."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Àlejò yín ń wò wá, sà."

Ó sì gùn ún! Ẹ ò rí nǹkan? Bàbá ẹni àádọ́rin ọdún gbé e la ẹrẹ̀ kọjá, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Àánú ṣe Jádesọ́lá. "Papa, you no get pikin wey go help you?"

"Mo ní ọmọ ọmọ kan," ni bàbá wí, ó ń nu ẹsẹ̀. "Ó ní òun máa wá lo ọlidé lọ́dọ̀ mi. Mi ò tíì rí i."

"E go come, Papa. No worry."

"Àmín, ìyá mi."

Ìkúnayọ̀ dúró láàárín àwọn méjèèjì. Ojú ń tì í débi pé kò lè gbórí sókè, bàtà funfun rẹ̀ tí ẹrẹ̀ ò kàn ló ń wò.