Ìgbòkun Iwájú Kọ̀, Kò Ká

Ohun tí Gbẹ́nàgbẹ́nà ń fẹ́ kò ju kí ìyàwó rẹ̀ bá òun wa ọkọ̀ ìgbòkun wọn lọ sí erékùṣù lọ́la. Ìyàwó sì ti là á mọ́lẹ̀ pé bí ìgbòkun iwájú kò bá ká wọ́ọ́rọ́wọ́, òun ò ní kúrò ní èbúté.

Gbẹ́nàgbẹ́nà fa okùn tó ń ká a. Ìgbòkun yí díẹ̀, ó bá dúró gbọin bí ọmọ tí kò fẹ́ wẹ̀. Ó fọ iyọ̀ òkun kúrò lára kẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀ tí okùn ń wé mọ́, síbẹ̀ kò gbọ́. Ló bá tutọ́ sọ́wọ́, ó fẹ́ fi agbára fà á.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ rọra! Ṣé ẹ fẹ́ já a ni? Ẹ wo òkè!"

Lókè téńté òpó ọkọ̀, okùn mìíràn tí kò níṣẹ́ kankan tó ń ṣe ti wé mọ́ ìgbòkun bíi gèlè.

"Ta ló so ìyẹn síwájú ọkọ̀?" Ìyàwó ló béèrè.

"Èmi ni. Nígbà tá a sùn sínú ọkọ̀, ó ń lu òpó, o ò rí oorun sùn. Mo bá gbé e jìnnà sí òpó."

Ìyàwó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbà mí o! Oorun mi lẹ torí ẹ̀ fẹ́ ba ọkọ̀ jẹ́!"

Wọ́n tú ìgbòkun sílẹ̀ pátá, wọ́n dá okùn náà padà sídìí òpó, wọ́n sì dì í pinpin. Gbẹ́nàgbẹ́nà tún fà. Ìgbòkun ká wérẹ́ bí ẹní. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó ń wò ó.

"Kí lẹ ń wò? Aago mélòó la ń gbéra?"