Ẹ́ńjìnnì Anthony
Anthony ló fọwọ́ ara rẹ̀ fi tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fi kún agbára mọ́tò, sí ẹ́ńjìnnì mọ́tò rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, Agatha ìyàwó rẹ̀ wa mọ́tò náà láti Àkúrẹ́ lọ kí ìyá ọkọ rẹ̀ ní Ìdànrè. Gbogbo ìgbà tó bá tẹná ni mọ́tò ń já gìrì, tí kò sì lágbára mọ́.

Ní Aládé, Fọlọ́runṣọ́ mẹkáníìkì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì yọ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti là.

“Rọ́bà yìí ni rẹgulétọ̀ tó ń díwọ̀n epo fi ń mọ̀ pé tọ́bò ti ń ti afẹ́fẹ́ wọlé, kó lè fún epo lágbára sí i. Ta ló ṣe iṣẹ́ yìí, Mà?”

“Ọkọ mi ni.”

“Ẹ bá mi kí wọn o. Wọ́n mọṣẹ́.”

“Wọ́n á gbọ́,” ni Agatha wí.

Fọlọ́runṣọ́ fi rọ́bà tuntun sí i, mọ́tò sì gun òkè wẹ́rẹ́. Agatha ń retí ẹkún, ẹkún kò wá.

Bí ìyá ọkọ rẹ̀ ṣe gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì náà, ó sáré jáde, ó ń pe Anthony. Ìgbà tó rí Agatha ló tó rántí. Agatha paná mọ́tò, ó sì jókòó síbẹ̀.