Ọjọ́ Tí Mo Ní N Kò Mọ Ràdíátù

Orin ni èmi fi ń la ọ̀rọ̀ tó bá le, ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò rí orin fún un láti ọdún náà. Ẹ jẹ́ kí n sáà sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1987 ni. Àlíù ọmọ mi ti kú sí Àbíjàn, níbi tí àwa ará Ẹ̀jìgbò máa ń lọ ṣòwò bí ẹni ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ìyàwó rẹ̀ ní òun kò lè dá tọ́ ọmọ mẹ́ta, ó bá fi èyí àgbà ránṣẹ́ sí mi ní Ajégúnlẹ̀. Ràdíátù lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Inú mi dùn débi pé ijó ni mo fi pàdé rẹ̀ ní gáréèjì:

Ọmọ Àlíù dé o, ilé mi kún,
Ẹni tó ní n kò lẹ́nìkan,
Kó wá yọjú wò ó, ilé mi kún!

Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá, Yorùbá Ẹ̀jìgbò pọ́ńbélé, bí ẹni pé ìyá mi ló ń sọ̀rọ̀. Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ níwèé, ó sì ti lo ọdún méjì ní sẹ́kọ́ńdìrì lọ́hùn-ún. Ẹ fún un ní ìṣirò, kíá ló máa ṣe é. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì? Kò ju "good morning" lọ, ìrọ̀lẹ́ gan-an ló sì máa ń fi í kí àwọn èèyàn.

Sùkúù kan ní ọ̀nà Àpápá ní kí òbí mú ọmọ wá fún ìntáfíù. Monday, alábàágbé wa tó ń ru ẹrù ní wáàfù, ló já mi láyà.

"Mama, na English dem go take ask you o. If you no sabi answer, dem go carry the pikin go primary four."

Púráímárì kẹrin! Ọmọ tó ti ga jù mí lọ!

Ó ní ohun kan tí àwọn ọmọ àdúgbò wa máa ń ṣe nígbà náà. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ ní sùkúù, tí wọ́n ní kí wọ́n lọ mú bàbá wọn wá, wọ́n á lọ háyà bàbá. Àfi èmi arúgbó tí mo lọ háyà bàbá fún ọmọ-ọmọ mi. Ọ̀dọ̀ Tájù ni mo lọ, ajẹ́ńtì tó ń bá àwọn èèyàn kó ẹrù jáde ní wáàfù. Iwájú ọ́fíìsì rẹ̀ ní Warehouse Road ni mo ti ń ta ẹ̀pà sísè.

Ó rẹ́rìn-ín títí. "Màmá, ẹrù wo ni mi ò kílíà rí? Mo kílíà fíríìjì, mo kílíà ẹja, ṣé ọmọ kan ṣoṣo ló máa wá há sí mi lọ́wọ́?"

"Tájù, má fi ṣeré. Bàbá rẹ̀ ni ọ́ lọ́jọ́ náà o."

"Bàbá rẹ̀ ni mí. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ máa jẹ́?"

Mo ní èmi ò ní jẹ́ nǹkan kan.

Mo wá kìlọ̀ fún Ràdíátù pé tó bá rí mi ní géètì, kó má pè mí ní Màmá, kó ṣe bí ẹni pé ẹlẹ́pà lásán ni mí.

"Kí ló dé, Màmá?"

"Wọn ò fẹ́ràn arúgbó níbẹ̀."

Irọ́ ni. Ara mi ló ń tì mí lójú. Púráímárì kejì ni mo ti fi ìwé sílẹ̀, ẹ̀rù ẹnikẹ́ni tó bá mú bírò dání sì máa ń bà mí.

Nígbà tó di ọjọ́ náà, Tájù de táì, ó mú ọmọ wọlé. Èmi gbé àtẹ ẹ̀pà mi kalẹ̀ sí géètì. Gẹ̀ẹ́sì Tájù ń dún dé ọ̀dọ̀ mi, mo sì ń mirí sí i. Nígbà tó yá, n kò gbọ́ ọ mọ́.

Lẹ́yìn náà ni Tájù sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Pirinsípà, Ìyáàfin Oyèníran, fi Gẹ̀ẹ́sì bá ọmọ sọ̀rọ̀, ọmọ kò fèsì. Kàkà kó bínú, ó ránṣẹ́ pe Míìsì Chinyere tó ń kọ́ wọn ní Faransé. Bí Ràdíátù ṣe gbọ́ Faransé báyìí, ọ̀rọ̀ ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. Ó kàwé, ó ṣe ìṣirò. Míìsì wá bi í léèrè, tẹ̀rín-tẹ̀rín, iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ń ṣe.

Ọmọ náà ní, "Bàbá mi ti kú. N kò mọ ọkùnrin yìí. Màmá tó bí bàbá mi ló mú mi wá, òun ló ń ta ẹ̀pà ní géètì yẹn." Míìsì sì túmọ̀ rẹ̀ fún pirinsípà.

Mo ní kó má pè mí, n kò kọ́ ọ ní irọ́ pípa.

Mo kàn rí wọn ni, tí wọ́n ń bọ̀. Pirinsípà wà níwájú, ọmọ tẹ̀ lé e, Tájù wà lẹ́yìn, ó ń tú táì ọrùn rẹ̀. Àwọn ọmọ sùkúù ti jáde wá jẹun, wọ́n yí àtẹ mi ká.

"Ẹ kú ọjà o, mà," ni pirinsípà wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ ọmọbìnrin yìí?"

Yorùbá ló sọ o! Kò sí Gẹ̀ẹ́sì kankan níbẹ̀ tí mo máa ní ó dí mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú wà lára mi, Tájù sì ń ṣẹ́jú sí mi láti ẹ̀yìn, n kò mọ ohun tó fẹ́ kí n sọ.

"Rárá o, mà," ni mo wí. "Ẹ̀pà ni mo ń tà."

Ọmọkùnrin kan kígbe, "Ah-ah! Wọ́n mà jọra! Ẹ wo imú wọn!" Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. Ràdíátù kò rẹ́rìn-ín, kò sì sunkún. Ẹsẹ̀ mi ló ń wò.

Pirinsípà mí kanlẹ̀. "Ọmọ yìí mọ̀wé. JSS Two ni mo fẹ́ fi í sí, kí Míìsì máa kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì bí a bá ti jáde. Ṣùgbọ́n n kò lè gba ọmọ tí kò lẹ́ni. Ọ̀gbẹ́ni yìí kọ́ ni bàbá rẹ̀, ẹ̀yin náà sì ní ẹ ò mọ̀ ọ́n." Ó kó ìwé tí ọmọ náà mú bọ̀ láti Àbíjàn lé e lọ́wọ́, ó ní kó máa lọ.

N kò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. Lórí èèpo ẹ̀pà ni, níwájú obìnrin tí mo lè bí lọ́mọ, lójú àwọn tó ń rà lọ́wọ́ mi.

"Ẹ dákun, mà. Ọmọ mi ni. Èmi ni mo bí bàbá rẹ̀. Mo parọ́ ni. N kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ojú ló ń tì mí."

Ó sáré fà mí dìde. "Ha! Ẹ dìde, mà, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi! Ta ló bi yín ní Gẹ̀ẹ́sì? Ọmọ ni mo fẹ́ kọ́, ẹ̀yin kọ́."

Wọ́n gba Ràdíátù. Mo fọwọ́ ara mi kọ orúkọ mi sínú ìwé wọn. Ó wọ́, ṣùgbọ́n orúkọ mi náà ni. Tájù bá mi di ìwé náà mú, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Malu Road la gbà lọ sílé. Mo ní, "Ràdíátù, wọ́n ti gbà ọ́ o! Wá bá mi jó." Ẹ̀yìn mi ló ń rìn, ó jìnnà sí mi bí ìṣísẹ̀ mẹ́rin.

Láti ẹ̀yìn náà ló ti ní, "Màmá, ẹ ní ẹ ò mọ̀ mí."

"Mo ti padà sọ fún wọn pé mo mọ̀ ọ́."

"Ìgbà tí wọ́n fẹ́ lé mi lẹ tó sọ ọ́." Ó dúró. "Ẹ sọ ọ́ báyìí, tẹ́nikẹ́ni ò bi yín."

Àwọn tírélà tò lọ bẹẹrẹ, àwọn mẹkáníìkì wà lábẹ́ wọn. Mo gbóhùn sókè.

"Ẹ gbọ́ o! Ràdíátù ọmọ Àlíù rèé! Èmi ni mo bí bàbá rẹ̀!"

Dírẹ́bà kan yọrí lójú fèrèsé. "Mama, wetin happen? The girl lost?" Àwọn tó kù ń rẹ́rìn-ín. Ojú tún tì mí, ó ju ti géètì lọ, àmọ́ mo tún un sọ. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta.

Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ mi. Kò di ọwọ́ mi mú. A jọ ń rìn lọ ni títí a fi délé.