Ta Ni Ó Kàn?

Rúlà dé ìlú náà ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú kí sáà ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Rúlà kọ́ ni ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fún un lórúkọ náà, nítorí kò sí ohun tó kọ tí kì í fa ìlà sí nídìí, títí kan orúkọ ara rẹ̀. Ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ nílé. Yunifásítì mẹ́ta lókè òkun ló gbà á fún oṣù mẹ́rin, kó wá kọ́ bí a ṣe ń wọn ilẹ̀ olókè. Ó yan ti ìlú yìí nítorí Yíǹkì.

Òun àti Yíǹkì ti jọ gbé yàrá kan rí, wọ́n sì jọ ń kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ ilé-ìwé kan tó ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn. Ilé-ìwé náà ní òfin kan: bí ìdáhùn ẹ̀kọ́ kẹrin kò bá tíì dé, ẹ̀kọ́ karùn-ún kò ní jáde. Kò sí ẹ̀bẹ̀, kò sí ìránnilétí. Òfin náà wọ àwọn méjèèjì lára. Nígbà tí Yíǹkì rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ayàwòrán-ilé ní ìlú yìí, ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n fi òfin náà de ìbárẹ́ wọn: ẹni tí lẹ́tà bá dé ọwọ́ rẹ̀ ni ó kàn láti kọ̀wé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ méjì léra. Ìfiṣòfò ni.

Láyé ìgbà náà, àwọn ọ́fíìsì ńlá nìkan ló ní tẹlifóònù.

Lẹ́tà tí Rúlà fi sọ pé òun ń bọ̀ ti pé oṣù mọ́kànlá. Èsì kò dé. Yíǹkì ni ó kàn, nítorí náà Rúlà kò kọ òmíràn. Ó di ẹrù rẹ̀, ó wá. Síbẹ̀, nígbà tó ń to ohun tí yóò ṣe sórí ìwé, ìsàlẹ̀ pátápátá ló kọ ilé-iṣẹ́ Yíǹkì sí, ní òwúrọ̀ Sátidé. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni à ń fi kẹ́yìn. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ ó lọ wo afárá irin. Yíǹkì ti kọ ọ́ rí pé òpó iná keje níbẹ̀ tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Rúlà kà á dé ìkeje. Òótọ́ ni, ó tẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Wo etí ẹ̀!” Ó sì yíjú sápá òsì, bí ẹni pé Yíǹkì wà níbẹ̀.

Ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn ló dúró níbẹ̀. “Ṣé èmi lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n?”

“Rárá o. Ẹ má bínú.”

Ó ra ìwé ìròyìn kan tí kò ní kà.

Ní ọ̀sán, ó lọ kí Jẹ́jẹ́, ọmọ kíláàsì wọn nílé-ìwé girama, tó di nọ́ọ̀sì ní ìlú yìí. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é nítorí kò mọ ohun tó ń jẹ́ jẹ́jẹ́ rárá. Ilé oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ ọsibítù ni wọ́n ti ríra.

“Rúlà! Ìwọ rèé! O ò sanra, o ò rù. Ṣé wọ́n wọ̀n ẹ́ kí wọ́n tó bí ẹ ni?”

“O kú iṣẹ́, Jẹ́jẹ́.”

“Iṣẹ́ kì í kú, èmi ló ń pa. Jókòó kíá. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni mo ní, àtẹ̀gùn sì ti jẹ mẹ́rin nínú ẹ̀.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Rúlà wá bèèrè bí ẹni tí kò kà á sí: “Yíǹkì ńkọ́?”

Jẹ́jẹ́ dá ṣíbí dúró lẹ́nu. “Èmi lo ń bi? Mo ṣebí ìwọ ni n ó bi! Ó ti tó ọdún kan. Ó wá kí mi lẹ́ẹ̀mejì, mo ń sùn nígbà méjèèjì. Kò wá mọ́.”

“Ṣé ẹ jà ni?”

“Ta ló ráyè ìjà? Ogún ọmọdé ò lè ṣeré fún ogún ọdún, ọmọ ìyá mi. Mo bímọ, mò ń ṣiṣẹ́, mò ń sùn. Ó tán.” Aago dún. Jẹ́jẹ́ dìde, ó fi ìdajì búrẹ́dì rẹ̀ sílẹ̀. “Máa yà o! Má ṣe bí àlejò!”

Kò sọ ọjọ́ tó yẹ kó yà. Rúlà gbé búrẹ́dì náà, ó jẹ ẹ́ tán, nítorí kò lè wo oúnjẹ kó máa ṣòfò.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, aago mẹ́sàn-án kò tíì lù tó fi dé ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ náà. Tábìlì mẹ́wàá ló wà lábẹ́ fèrèsé, wọ́n da aṣọ bo ọ̀kan. Bàbá arúgbó kan tó fi pẹ́ńsù sẹ́yìn etí méjèèjì nìkan ló wà níbẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, sà.”

“Káàárọ̀, ọmọ mi. Bí ilé lo fẹ́ kọ́, padà wá ní Mọ́ńdè. Bí iṣẹ́ lò ń wá, kò sí.”

“Ọ̀rẹ́ mi ni mò ń wá, sà. Yíǹkì là ń pè é.”

Bàbá náà yọ pẹ́ńsù kan létí. “Ìwọ ni Rúlà.” Kò bi í léèrè, ó sọ ọ́ ni. “O pẹ́, ọmọ mi. Ó ti pé oṣù méjì tó ti lọ sí ẹ̀ka wa tó wà lápá àríwá. Ìrìn ọjọ́ kan àtààbọ̀ ni nínú ọkọ̀ ojú irin.”

“Ṣé… ṣé ó ń bínú sí mi ni, sà?”

“Bínú kẹ̀? Láràárọ̀ ló máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn de ẹni tó ń pín lẹ́tà. Mo ní, ‘Kọ̀wé sí i, ṣé ọwọ́ ń dùn ẹ́ ni?’ Ó ní, ‘Èmi kọ́ ló kàn, sà. Òun ni.’ Mo ní ta ló ń kà á? Ó ní òfin ni. Ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo ti ń ya ilé, n ò rí ògiri tó le tó tiyín rí.”

“Òun ló kàn, sà! Mo kọ ọ́. Mo ní mò ń bọ̀…”

Ó ti yé e. Lẹ́tà náà kò dé rárá. Ó ti bọ́ sábẹ́ ìjókòó kan níbì kan, àwọn méjèèjì sì ti ń fi oṣù mọ́kànlá retí ara wọn.

“Kò mọ̀ pé mò ń bọ̀, sà?”

“Ká ló mọ̀, ṣé ì bá lọ? Nígbà tí mo bèèrè ẹni tó máa lọ, òun nìkan ló nawọ́. Ó ní kò sí ohun tó ń dá òun dúró níbí mọ́.” Bàbá náà gé ìwé díẹ̀, ó kọ àdírẹ́sì sí i, ó fi lé e lọ́wọ́. “Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Gbà.”

Ẹ̀kọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè. Kò lè lọ kó bọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú ó rìn lọ sí ìdí àtẹ̀gùn òkúta tó gun orí òkè, igba igbésẹ̀ ó lé mẹ́rìnlá. Yíǹkì ti kọ ọ́ pé: N kò tíì gùn ún. Mo fi pamọ́ dè ọ́. Àwọn tọkọtaya àti àwọn ọmọ wọn ń gba ẹ̀gbẹ́ Rúlà kọjá lọ sókè, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ó jókòó sórí igbésẹ̀ àkọ́kọ́, ó kọ̀wé títí ìdí rẹ̀ fi kú. Kò fa ìlà sábẹ́ ohunkóhun. Ó lọ ju lẹ́tà náà sínú àpótí, ó sì gba ilé lọ. Kò gùn ún.

Lẹ́tà náà yóò lo ọjọ́ mẹ́rin lójú ọ̀nà, èsì mẹ́rin mìíràn. Yíǹkì ni ó wá kàn báyìí. Bí òfin ṣe wí nìyẹn.

Ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè, Rúlà dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ẹ̀kọ́ láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó wo aago. Ó fa ìwé kan ya, ó fi ògiri ṣe tábìlì, ó kọ ọ́ pé: Mo tún kọ òmíràn. Má kà á mọ́ òfin wa. Mi ò gun àtẹ̀gùn náà.

Àpótí lẹ́tà wà ní òdìkejì títì. Nígbà tó padà dé, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn, ó sì ní láti kàn án, ìgbà àkọ́kọ́ tó pẹ́ dé ibi ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ kankan láyé rẹ̀.